Okùn Mẹ́rin ní Brean

Okùn lọ́wọ́ mi, òkun lẹ́yìn mi.
Àárọ̀ Sátidé ni, aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀,
omi ti fà sẹ́yìn títí ojú kò fi tó o mọ́,
ó fi iyanrìn sílẹ̀ fún wa ní Brean,
ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní tí ẹnikẹ́ni kò tíì jókòó lé.

Keith Padfield ti dé ṣáájú mi.
Ó ń da tíì láti inú fíláàsì,
ó na ìka tó fi itọ́ rin sókè.
"Méjìdínlógún," ló wí.
Kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárọ̀.

Mo tẹ́ káìtì sílẹ̀, mo bu iyanrìn lé e létí
kó má baà sá lọ láìdágbére.
Mo na okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin,
méjì tó ń fà, méjì tó ń dá a dúró,
mo ń tú kókó wọn
bí ẹni ń tú irun ọmọ tó ń sunkún.
Mo dé akoto. Mo de àmùrè mọ́ ìdí.
Mo ki ẹsẹ̀ bọ awọ orí pátákó onítáyà mẹ́rin.
Lẹ́yìn náà, mo dúró,
nítorí ohun tí mo fẹ́, àfi kó fẹ́.

Ní Sátidé tó kọjá, kò fẹ́.
A jókòó sínú ọkọ̀ Keith títí di ọ̀sán,
a jẹ búrẹ́dì ẹlẹ́yin,
ó sọ fún mi nípa orúnkún rẹ̀ tí wọ́n fi irin pààrọ̀,
pé dókítà ní kò gbọdọ̀ gun pátákó mọ́ láé.
Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ iye tí wọ́n ń ta epo.
Gẹ̀ẹ́sì mi kò ní ọ̀rọ̀ kan tó tó "pẹ̀lẹ́".
Mo bu tíì kún tirẹ̀.

Ní Ìrágbìjí, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án,
ìwé ìròyìn àná àti ọwọ́ ìgbálẹ̀ mẹ́ta ni káìtì mi,
ògì ni mo fi lẹ̀ ẹ́,
òwú ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi ni mo jí so mọ́ ọn.
Ó gòkè, ó gòkè, ó lọ kọ́ wáyà NEPA,
ibẹ̀ ló wà títí òjò fi jẹ ẹ́ tán.
Pàṣán mẹ́fà ni mo jẹ nítorí òwú yẹn.
Káìtì ìgbà náà, èmi ni mo ń fà á.
Èyí, òun ló ń fà mí.

Ó fẹ́.
Aṣọ pupa náà mí èémí kan, ó kún,
gbàà! Okùn le, ó ń ké fíìì,
mo ti ń lọ kí n tó mọ̀ pé mo ti lọ.
Wọ́n ní ibi tí ẹ̀fúùfù bá ń fẹ́ sí ni igi ń tẹ̀ sí.
Mo gbà fún igi.
Èmi fi gìgísẹ̀ tẹ pátákó, mo fẹ̀yìn ti òfo,
mo gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀fúùfù kọjá,
òkè níwájú bí ẹ̀yìn erin tó sùn,
Wales lókèèrè bí èéfín.

Ibi tó yẹ kí n ti yí, n kò yí dáadáa.
Mo dojú bolẹ̀. Iyanrìn kún eyín mi.
Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta,
tó ń to páálí lóru ọjọ́ márùn-ún ní Avonmouth,
tí wọ́n ń fi nọ́ńbà ara kóòtù rẹ̀ pè,
ló nà gbalaja tó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó jí ẹran jẹ.

Keith tiro wá.
"Ṣé egungun pé?"
"Ó pé."
Ó wo káìtì. Ó wò ó pẹ́.
Mo tú àmùrè, mo dè é mọ́ ọn nídìí,
n kò bi í léèrè, kò sì dúpẹ́.
Ó gbá ẹsẹ̀ irin mọ́ ilẹ̀,
mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo di àmùrè náà mú ṣinṣin
kí afẹ́fẹ́ má baà gbà á lọ́wọ́ mi.
Aṣọ pupa gòkè. Ó kọ nọ́ńbà mẹ́jọ sójú ọ̀run,
ó pa á rẹ́, ó tún un kọ.

Omi ti ń padà bọ̀, ó ń dán lẹ́bàá ojú.
"Ìṣẹ́jú kan sí i," ló wí.
Mo ki ẹsẹ̀ bọ iyanrìn.
Mo dì í mú.